QGIS: àwọn àmì Kàbbà hàn, ti Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ò sí lójú máàpù

OmoIsanlu:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Máàpù bóhóòlù ni mo ń ṣe fún Kàbbà/Bùnú, Mọ̀pà-Mùrò àti Yàgbà méjèèjì. QGIS 3.34, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ni mo ń lò, Windows 10, RAM 8 GB. Àwọn tó lọ gba àmì fi GPS àfọwọ́mú gbà á, orí UTM, ètò tó ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. Excel kan ṣoṣo ni wọ́n kọ easting (mítà sí ìlà-oòrùn) àti northing (mítà sí àríwá) gbogbo rẹ̀ sí, mo sì fi í pamọ́ bíi CSV. Mo gbé e wọlé láti Layer, Add Layer, Add Delimited Text Layer. Mo fi easting sí X field, northing sí Y field, mo sì yan EPSG:32632, nọ́ńbà tí QGIS fi ń dá UTM zone 32 mọ̀.

Àmì Kàbbà àti ti Bùnú bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́ lórí àwòrán sátẹ́láìtì. Ti Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ni mi ò rí. Bí mo bá ṣí attribute table, gbogbo ìlà ló pé síbẹ̀. Bí mo bá tẹ Zoom to Layer, máàpù á sún sẹ́yìn, àwọn àmì á wá pín sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún, àárín wọn á ṣófo.

Àkójọ kejì tún wà tí wọ́n fi fóònù gbà, degree ni wọ́n fi kọ ọ́. Èyí hàn, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ebonyi ló bọ́ sí.

DEM (fáìlì gíga ilẹ̀) ti SRTM (ìwọ̀n tí wọ́n fi rédà gbà láti òfuurufú) tí mo fẹ́ fi sábẹ́ rẹ̀ ń da mí láàmú bákan náà. Fáìlì mẹ́rin ni, àwọ̀ wọn ò bára mu, ìlà gbọọrọ kan sì là á láàárín bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Bí mo bá yí i sí Hillshade (àwòrán òjìji òkè), dúdú àti funfun gan-gan ni mò ń rí, kò jọ òkè, kò jọ àfonífojì. Lékè gbogbo rẹ̀, orúkọ àwọn abúlé tó ní ẹ, ọ àti ṣ ń gbé àmì ìbéèrè jáde, àwọn kan ń gbé àpótí kékeré.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?


LokojaTech:

Ọ̀rẹ́, CRS ni, ètò tó ń sọ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà. Fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ layer yẹn, lọ sí Layer CRS, Set Layer CRS, kí o yan EPSG:4326, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sípò. Bí kò bá bọ́, yan EPSG:32631.


OjuIwonKabba:

Okun o, OmoIsanlu. LokojaTech, ẹ ṣeun, CRS ni lóòótọ́, àmọ́ méjèèjì tí ẹ dárúkọ yẹn ò ní tán an. Set Layer CRS kì í yí nọ́ńbà kankan padà nínú fáìlì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún QGIS bí yóò ṣe ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé EPSG:4326 ni, yóò gba easting 176,000 bí ẹni pé degree 176,000 ni, ayé ò sì ní ju degree 360 lọ yí po. Gbogbo àmì á pòórá, títí kan ti Kàbbà tó ti jókòó dáadáa. Bí ẹ bá sì yan 32631, Ẹ̀gbẹ̀ á wọlé, Kàbbà á sì bọ́ sí ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ghana.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Longitude 6°E gba àárín ilẹ̀ wa kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni UTM zone 31 ti parí tí zone 32 ti bẹ̀rẹ̀. Kàbbà wà ní nǹkan bí 6°04′, zone 32 ló bọ́ sí. Mọ̀pà wà ní nǹkan bí 5°54′, Ìsánlú ní 5°48′, Ẹ̀gbẹ̀ ní 5°31′, zone 31 ni gbogbo wọn. Zone kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà àárín tirẹ̀ tó ń kà láti ibẹ̀: 3°E fún 31, 9°E fún 32, ìlà àárín yẹn ló sì ń jẹ́ 500,000 mítà. Ẹni tó bá ń ti Ẹ̀gbẹ̀ bọ̀ ní Kàbbà yóò rí easting tó ń gòkè láti nǹkan bí 776,000 títí dé bí 831,000. Bó bá ti ré 6°E kọjá, yóò já wálẹ̀ sí 169,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ kan náà ni, ibi tí wọ́n ti ń kà ló yí padà.

Tóò, àwọn tó gba àmì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú kọ́lọ́mù kan, wọn ò kọ zone. QGIS wá ka 776,000 ti Ẹ̀gbẹ̀ láti 9°E, ó sì gbé e lọ sí nǹkan bí 11.5°E. Ẹ sún máàpù yín lọ sí ìpínlẹ̀ Taraba, ẹ ó bá Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú níbẹ̀, latitude wọn ò yí, degree 6 gééré ni wọ́n fi sún sí ìlà-oòrùn. Òun ni ọ̀wọ́ kejì tí ẹ ń rí lápá ọ̀tún. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí àmì tó sún ní nǹkan bí 660 kìlómítà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn láìyẹsẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, zone ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ó dáa pé ilẹ̀ tiwa rọrùn láti yà sọ́tọ̀. Láti Yàgbà títí dé Bùnú, kò sí àmì kankan tí easting rẹ̀ lè wà láàárín 250,000 sí 750,000. Èyí tó bá ju 500,000 lọ, zone 31 ni. Èyí tí kò bá tó o, zone 32 ni. Nítorí náà, bí ìwé ò tilẹ̀ sọ zone, nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́.

Bí ẹ ó ṣe tún un ṣe: ẹ gbé CSV náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, ẹ yan EPSG:32631 nínú Geometry CRS. Bó bá ti wọlé, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Filter, kí ẹ kọ "easting" > 500000. Èkejì, ẹ yan EPSG:32632, Filter rẹ̀ á jẹ́ "easting" < 500000. Kí orúkọ kọ́lọ́mù bá ti inú fáìlì yín mu, lẹ́tà ńlá àti kékeré pẹ̀lú. Ní báyìí, ọ̀wọ́ méjèèjì á ti wà níbi tó yẹ lójú máàpù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Vector, Data Management Tools, Merge Vector Layers, ẹ mú méjèèjì, ẹ yan EPSG:4326 sí Destination CRS, kí ẹ sì fi pamọ́ sínú GeoPackage (irú fáìlì máàpù kan). Merge yìí yóò yí nọ́ńbà padà ní tòótọ́. Ẹ má fo Destination CRS o: bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, CRS layer àkọ́kọ́ ni yóò mú.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń gba àmì nípa lẹ́tà tó ń tẹ̀lé nọ́ńbà zone lójú GPS. Ní Kàbbà, ẹ̀rọ á kọ 32N. Ní Ìsánlú, á kọ 31P. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe àríwá tàbí gúúsù, ìdábùú ilẹ̀ ló ń tọ́ka sí: N jẹ́ láti 0° dé 8°, P láti 8° dé 16°, ìlà 8°N náà sì kọjá láàárín wa. N tó wà nínú orúkọ "WGS 84 / UTM zone 31N" ti EPSG, àríwá ayé ni tirẹ̀. Nítorí náà 31P àti 31N méjèèjì, EPSG:32631 ni. Àwọn kan ń wá 31P nínú àkójọ CRS títí, wọn ò rí i, wọ́n á wá mú ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n gbé GPS sí decimal degrees, hddd.ddddd°, kí ọ̀rọ̀ zone má tilẹ̀ wáyé.

Ti Ebonyi yẹn: latitude ni ẹ fi sí X. Longitude ni X, latitude ni Y. Kàbbà jẹ́ 7.83 àti 6.07. Bí a bá pa wọ́n rọ́pò ara wọn, 6.07 àríwá àti 7.83 ìlà-oòrùn, Ebonyi ni. Níbòmíràn, irú àṣìṣe yìí máa ń ju àmì sínú òkun tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn, ojú á tètè rí i. Ní ọ̀dọ̀ wa nọ́ńbà méjèèjì sún mọ́ra, àmì á bọ́ sórí ilẹ̀, láàárín Nàìjíríà, ẹni tí kò bá wo àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.


OkeIjumu:

Ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti DEM.

Fáìlì SRTM kọ̀ọ̀kan gba degree kan níbùú, degree kan lóròó, orúkọ igun ìsàlẹ̀ apá òsì rẹ̀ ló sì ń jẹ́. Igun 8°N, 6°E wà láàárín Kàbbà àti Mọ̀pà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò mẹ́rin fún ilẹ̀ tí kò tóbi: N07E005, N07E006, N08E005, N08E006. Ìlà bí ọ̀bẹ tí ẹ ń rí ni 6°E fúnra rẹ̀, àti 8°N tó gbé e ní ìbú.

Kò sí ohun tó ṣe dátà náà. QGIS ń pín àwọ̀ láti dúdú dé funfun fún fáìlì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ibi tó rẹlẹ̀ jù àti ibi tó ga jù nínú fáìlì yẹn nìkan. N07E006 ní àfonífojì Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja nínú, ó rẹlẹ̀ púpọ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù àti ibi tó ga jù nínú àwọn yòókù yàtọ̀ sí tirẹ̀. Òkè tó ga ní 300 mítà á gba eérú tó mọ́ lápá kan, á gba eérú tó ṣú lápá kejì.

Ẹ so wọ́n pọ̀: Raster, Miscellaneous, Build Virtual Raster. Ẹ mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú "Place each input file into a separate band". Àmì náà máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ ó rí àwòrán aláwọ̀ pupa, ewé àti búlúù, pẹ̀lú igun kan tó ṣófo, nítorí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti di band ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, band kan ṣoṣo ni yóò jáde. Fáìlì .vrt tó bá jáde kò gbé dátà kankan, ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ló kọ sínú rẹ̀, ẹ má gbé àwọn ojúlówó kúrò ní fódà tí wọ́n wà.

Lẹ́yìn èyí, Properties, Symbology, Min/Max Value Settings: ẹ yan Cumulative count cut, 2 sí 98, Statistics extent kí ó jẹ́ Whole raster, Accuracy kí ó jẹ́ Actual. Bí ẹ bá fi Statistics extent sí Updated canvas, àwọ̀ á máa yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún máàpù. Ó wúlò fún ẹni tó ń wo ibi kékeré kan, ṣùgbọ́n kò bójú mu fún máàpù tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde.

Bó bá jẹ́ pé funfun nìkan ló kún gbogbo rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà Min. Bí ó bá jẹ́ -32768, ihò inú SRTM ni, ibi tí kò sí ìwọ̀n, QGIS sì ti kà á mọ́ gíga ilẹ̀. Ẹ lọ sí Properties, Transparency, ẹ kọ -32768 sí Additional no data value, kí ẹ tẹ Apply, kí ẹ padà lọ ṣe Min/Max lẹ́ẹ̀kan sí i.

Hillshade tó di dúdú àti funfun: ìbú àti òró DEM yín wà ní degree, gíga rẹ̀ sì wà ní mítà. QGIS rò pé gíga àti ìbú wà ní ìwọ̀n kan náà, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á wá dà bí ògiri. Ọ̀nà kíá ni kí ẹ kọ 0.000009 sí Z Factor. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ yí DEM sí CRS onímítà: Raster, Projections, Warp, Target CRS EPSG:32632, resolution 30, Resampling method Bilinear. Nearest Neighbour ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má gbà á fún gíga ilẹ̀, torí yóò fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí òkè, wọn á hàn ketekete bí ẹ bá ti tan Hillshade. Lẹ́yìn Warp, Z Factor padà sí 1.


AkoweMopa:

Orúkọ abúlé ló kù, ó sì dùn mí pé ibi tó kẹ́yìn ni a máa ń fi í sí. Máàpù tó kọ orúkọ ìlú onílùú ní àmì ìbéèrè ò tíì parí.

Àmì ìbéèrè àti àpótí kì í ṣe àìsàn kan náà. Ẹ ṣí CSV náà nínú Notepad kí ẹ tó fọwọ́ kan QGIS. Bí Notepad fúnra rẹ̀ bá fi àmì ìbéèrè hàn níbi tó yẹ kí ẹ tàbí ọ wà, lẹ́tà náà ti sọnù, kò sí ètò kan nínú QGIS tó lè dá a padà. Ohun tó fà á ni pé ẹ fi pamọ́ láti Excel bíi "CSV (Comma delimited)", èyí tó ń lo àkójọ lẹ́tà Windows tí kò ní ẹ, ọ àti ṣ nínú rárá. Ẹ padà sí Excel ojúlówó, Save As, kí ẹ yan "CSV UTF-8 (Comma delimited)".

Bí Notepad bá fi orúkọ hàn dáadáa ṣùgbọ́n QGIS ń kọ áº¹ níbi tí ẹ yẹ kí ó wà, fáìlì dára, kíkà ni kò dára. Nínú fèrèsé Delimited Text, ẹ yí Encoding sí UTF-8. Fún shapefile (irú fáìlì máàpù àtijọ́ kan), Properties, Source, Data source encoding ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi shapefile sílẹ̀ fún orúkọ Yorùbá, kí ẹ lo GeoPackage tó jẹ́ UTF-8 nígbà gbogbo. Nínú shapefile, orúkọ kọ́lọ́mù ò lè ju lẹ́tà 10 lọ, byte ni wọ́n sì fi ń wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà ẹ́ kan ṣoṣo gba byte 5. Kọ́lọ́mù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 lè gé orúkọ abúlé sí méjì.

Àpótí kékeré, ti fọ́ǹtì nìyẹn. Properties, Labels, Text, ẹ yan Noto Sans, DejaVu Sans tàbí Charis SIL. Ẹ fi orúkọ tó ní àmì ohùn lórí àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dán an wò, bíi Ẹ̀gbẹ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ̀ nínú Unicode, ẹ ni a kọ́kọ́ kọ, a wá fi àmì ohùn lé e. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tí yóò gbé àmì náà sí á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ẹ ó rí i tó ń léfòó láàárín ẹ àti g.

Èyí tó tún ń da Categorized àti Join rú: Ẹ̀gbẹ̀ tí ẹnì kan kọ lórí fóònù àti Ẹ̀gbẹ̀ tí ẹlòmíràn kọ lórí laptop lè jọra lójú pátápátá, kí kóòdù wọn yàtọ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ ẹ tí a fi ohùn lé, èkejì lè jẹ́ è tí a fi àmì sí ìsàlẹ̀. QGIS á kà wọ́n sí ìlú méjì, èyí tí kò bá sí nínú àkójọ Classify kò sì ní rí àwọ̀ gbà, yóò pòórá lójú máàpù. Bí ẹ bá rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ Classify, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣí Field Calculator, Function Editor, ẹ kọ iṣẹ́ Python kékeré kan tó ń dá unicodedata.normalize('NFC', orúkọ) padà, kí ẹ sì fi tún gbogbo kọ́lọ́mù orúkọ kọ.


OmoIsanlu:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Olúwa á bù kún yín. Ẹ̀gbẹ̀ ti kúrò ní Taraba, DEM ti di ọ̀kan, orúkọ ti dúró.

Ohun méjì ló kù. Àkójọ degree ti bọ́ sípò lẹ́yìn tí mo fi longitude sí X, ṣùgbọ́n Zoom to Layer ṣì ń gbé mi lọ jìnnà sójú òkun. Èkejì, mo ní ààlà àwọn wọ́ọ̀dù tí wọ́n tọ láti ara máàpù ìwé àtijọ́, shapefile ni. Àmì ìbéèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ layer rẹ̀. Mo fún un ní EPSG:32632, ó bọ́ sí Kàbbà, àmọ́ gbogbo rẹ̀ yẹ̀ sí ọwọ́ kan náà, ó lé ní 100 mítà sí ojú ọ̀nà tó wà lórí sátẹ́láìtì.


OjuIwonKabba:

Ti òkun kọ́kọ́. Ìlà kan tàbí méjì wà nínú àkójọ yẹn tí fóònù ò tíì rí sátẹ́láìtì nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó wá kọ 0 àti 0. Ibi tí 0,0 wà ni Gulf of Guinea, gúúsù Ghana. Àmì kan ṣoṣo níbẹ̀ tó láti fa gbogbo extent (ààyè tí layer bò) lọ. CSV tí ẹ gbé wọlé láti Delimited Text kò ṣeé tún ṣe nínú QGIS, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, Export, Save Features As, GeoPackage. Ẹ wá lo Select by Expression: abs($x) < 1 AND abs($y) < 1. Ẹ wo àwọn tó mú kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́, ẹ kọ orúkọ bóhóòlù wọn sílẹ̀, torí ẹnìkan ní láti padà lọ gbà wọ́n.

Ti ààlà wọ́ọ̀dù: àmì ìbéèrè túmọ̀ sí pé .prj kò bá .shp, .shx àti .dbf wá. Kò yẹ ká máa dá CRS méfò. Ẹ lọ sí Properties, Information, ẹ ka Extent. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ á sọ ibi tó ti wá. Fún àyíká Kàbbà, bí easting bá wà nítòsí 176,000 tí northing sì wà nítòsí 866,000, UTM zone 32 ni. Bí ó bá jẹ́ nítòsí 404,000 àti 424,000, Nigeria West Belt ni, CRS onímítà ti apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, EPSG:26391. Bó bá jẹ́ 6 àti 7 pẹ̀lú ẹ̀sún, degree ni.

Tiyín bọ́ sí Kàbbà pẹ̀lú 32632, zone rẹ̀ tọ̀nà nígbà náà. Datum, ìpìlẹ̀ tí a ti ń wọn ayé, ni kò tọ̀nà. Àwọn máàpù ìwé àtijọ́ wa, Minna datum lórí Clarke 1880 (àwòṣe ìrísí ayé kan) ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kì í ṣe WGS 84. Ẹni tó tọ ààlà náà tẹ̀lé ìlà orí ìwé. Ẹ yí Layer CRS sí EPSG:26332, Minna / UTM zone 32N. Fún èyí tó bá wà ní apá Yàgbà, EPSG:26331. Fèrèsé Select Transformation lè yọ jáde. Ẹ má kàn tẹ OK. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà láti Minna sí WGS 84, àwọn kan jẹ́ ti Cameroon, àwọn kan jẹ́ ti inú òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo àgbègbè tí wọ́n fi hàn lórí máàpù kékeré inú fèrèsé náà, kí ẹ mú èyí tó bo ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ sì kéré. Ààlà á sún padà sídìí ọ̀nà. Mítà díẹ̀ lè ṣẹ́ kù, kò sì sí ohun tí QGIS lè ṣe sí ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn gígùn ọ̀nà tàbí ìbú ilẹ̀ fún gbogbo agbègbè wa lórí máàpù kan, èrò mi ni pé West Belt dára ju UTM méjèèjì lọ. Etí zone 31 àti ti 32 la wà, níbi tí UTM ti máa ń fa nǹkan gùn. Ní 6°E, kìlómítà kan á fi nǹkan bí 95 sẹ̀ǹtímítà gùn jù. Bí ẹ bá sì fi zone 32 wọn Ẹ̀gbẹ̀, á tó mítà kan ààbọ̀ díẹ̀ dín. Ìlà àárín West Belt jẹ́ 4.5°E, ó sún mọ́ wa, ní Kàbbà kò ju bí 12 sẹ̀ǹtímítà lọ nínú kìlómítà kan. Ààlà West Belt àti Mid Belt wà ní 6.5°E, nítorí náà Lọ́kọ́ja ti bọ́ sí Mid Belt, EPSG:26392. Ẹ rántí ìyẹn bí iṣẹ́ bá dé Ọ̀wọ̀rọ̀.


LokojaTech:

Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ pé ojú máàpù ṣófo pátápátá ńkọ́, tí CRS sì tọ̀nà? Layer wà nínú àkójọ, àmì ìtẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò kàn yọjú ni.


OkeIjumu:

Ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé lápá ọ̀tún, àpótí Render. Bí wọ́n bá ti yọ àmì kúrò níbẹ̀, QGIS kò ní ya nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo orúkọ layer: bí ó bá ti di àwọ̀ eérú, wọ́n ti fún un ní Scale Dependent Visibility, ẹ lọ pa á ní Properties, Rendering. Bí àwòrán àrọ (funnel) bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, Filter ló wà lórí rẹ̀. Nínú Symbology, ẹ rí i pé kì í ṣe "No Symbols" ni wọ́n yàn, pé Opacity kò sí ní 0, kí polygon aláwọ̀ kíkún má sì wà lókè àmì nínú àkójọ.

Bí ilẹ̀ oko kéékèèké tàbí ilé bá ń pòórá nígbà tí ẹ bá sún sẹ́yìn tí wọ́n sì ń padà bí ẹ bá sún mọ́ ọn, Simplify geometry ni, ibi kan náà nínú Rendering. Ẹ pa á fún layer yẹn nìkan. Bí ẹ bá pa á fún gbogbo rẹ̀, laptop 8 GB á fà gan-an.

Sátẹ́láìtì tó ń wá ní ẹyọ ẹyọ tàbí tí kò wá rárá, íntánẹ́ẹ̀tì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Settings, Options, Network, Timeout: 60000 ló máa ń wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ẹ lè sọ ọ́ di 120000 níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá lágbára. Bí páńẹ́lì Layers fúnra rẹ̀ bá sọnù, Ctrl+Tab ni ẹnìkan ti tẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, Settings, User Profiles, New Profile. Bí máàpù bá hàn nínú profile tuntun, plugin kan tàbí ètò àtijọ́ ló ń dí i lọ́wọ́, ẹ máa pa plugin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí i.


AkoweMopa:

OmoIsanlu, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde: àmì ohùn lè dúró dáadáa lójú kọ̀ǹpútà kí ó sì yẹ̀ nínú PDF. Nínú Print Layout, Export as PDF, ẹ yan "Always Export Texts as Paths" sí Text export. Lẹ́tà á di àwòrán, kò sí ẹ̀rọ tí yóò tú u ká, fọ́ǹtì ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Ẹni tó bá gbà á kò ní lè wá orúkọ abúlé nínú rẹ̀ pẹ̀lú Ctrl+F ṣá. Bí wọ́n bá nílò ìyẹn, ẹ fún wọn ní PDF kejì pẹ̀lú "Always Export Texts as Text Objects", kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní Noto Sans kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Export resolution 300 dpi ti tó fún ìwé A3.